Ìtàn tí Mo Kọ sí Ìyá Ràímì Lọ́rùn

Alága wa, Alàgbà Jacob Adétóyè, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ilé wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí, onígbàgbọ́ àti ìmọ̀le, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí bí mo bá fi í falẹ̀, ẹnu mi lè kọ̀ ọ́. Ìtàn obìnrin tó fi ọmọ pamọ́ lọ́dún lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn tó pa èèyàn rẹpẹtẹ, èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn láìsí orúkọ ẹni tó kọ ọ́: kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi Oyètúndé ló kọ ọ́. Èmi Àdìkẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n mí díẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní ábídí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú irin yóò gbé èmi àti Evelyn ọmọ mi lọ bá baba rẹ̀, Láńrewájú, ní Mìnnà, níbi tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tíṣà Olúṣèyí, ẹ̀yin lẹ bá mi di kíláàsì mi mú nígbà tí oyún wọ̀ mí lọ́rùn. Ìgbà tí mo padà dé tòun tọmọ lẹ́yìn, ẹ ní, “Ìyáàfin, ẹ ti mú igbákejì tíṣà wá, ohùn tiẹ̀ tilẹ̀ ju tiyín lọ!” Ẹ̀rín yẹn gbé mi ró. Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ mi yá sí pàṣán jù. Kí n tó bímọ, mi ò mọ bí igbe ọmọ ṣe ń dun ìyá. Ẹ forí jì mí.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo kọ ìtàn náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin l'Ékòó dé, mo rò pé gbogbo ọgbọ́n ayé ló wà nínú àpótí mi. Mo gbọ́ pé nígbà tí wọlé-wọlé ń wá aláìsàn kiri, ìyàwó ilé wa, Ìyá Ràímì tó jókòó níwájú mi yìí, fi Àlàbí ọmọ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹrù aṣọ, ọmọ náà sì kú lọ́jọ́ kejì. Mi ò bi í léèrè. Gègé ìkọ̀wé ni mo mú. Mo pè é ní òmùgọ̀ abiyamọ tí kò mọ ọ̀nà ilé oògùn. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo yọ orúkọ Ọ̀fà kúrò, mo ní mo ti bò ó láṣìírí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ? Agùntáṣọọ́lò ni Ìyá Ràímì sọ ẹ̀gbọ́n mi. Orúkọ náà dùn létí mi, mo bá fi í sẹ́nu obìnrin inú ìtàn. Ìgbà tí wọ́n kà á fún ìjọ, ta ni kò mọ ẹni tó ń pe Oyètúndé bẹ́ẹ̀? Kí Ìyá Ràímì tó dé odò lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń kí i pé, “Ẹ kú ẹrù o, ìyá aláṣọ! Ṣé kò sọ́mọ ńbẹ̀?” Ó gbà pé Oyètúndé ló tú òun fó. Ọdún méje rèé, kò pè é ní Agùntáṣọọ́lò mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ pé èmi ni. Ó ní, “Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi. Ìwọ ò tíì rílé ọkọ.”

Lẹ́nu òjò tó kọjá, ibà mú Evelyn. Ta ló sáré wá? Ìyá Ràímì ni. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ń fomi nù ún lára. Ó ní:

“Adúmáadán, ọkọ mi, ẹ yé sunkún. Tiyín ṣì ń mu ọmú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé Àlàbí lọ sílé oògùn. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní bí mo bá tún wá, àwọn á gbà á lọ síbi tí mi ò ní lè dé. Ni mo ṣe fi í pamọ́. Bó bá máa kú, kó kú sọ́wọ́ mi.”

Mo gbọ́, mi ò lè jẹ́wọ́. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, á gbé e padà fún mi.

Àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Tèmi burú jùyẹn lọ: ó balẹ̀, ó tún fẹ́ pamọ. Lẹ́tà dé láti Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ tẹ ìtàn náà sínú ìwé kíkà fún àwọn ọmọ iléèwé, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n ń dúró dè. Ṣé kí ọmọ ọmọ Ìyá Ràímì wá máa kà á sókè níwájú tíṣà?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ọdún yẹn mọ́. Kó bá wa wo gbogbo ọmọ tí ń bẹ lẹ́yìn, kó sì jẹ́ ká bára wa láyọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ṣé o.

Ìyá Ràímì, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí lójú èrò. Ìyẹn á dà bí ìfipágbà. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n pa ìtàn náà tì pátápátá. Èkejì ní kí wọ́n dúró, màá tún un kọ, màá fi ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta tí ẹ lọ sílé oògùn sí i. Ẹ̀yin lẹ ni Àlàbí. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí n ó fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ Ẹtì.