Ìbúra Bùsàrí Rewáyà

Ọpẹ́ ni fún Ọba tó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bó ṣe ń wo ojúde. Ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọmọlẹ́yìn Jésù tẹ́ ẹ wá bá wa jókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: àmánà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́, tí ẹni tó gbé e fún ọ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmánà ni. Bó o bá rẹ́ ẹ jẹ níbẹ̀, ìrun rẹ ò lè bò ọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Bùsàrí fún yín.

Rewáyà ni Bùsàrí, ní Ìwó. Òun ló ń to wáyà ọkọ̀ àti ọ̀kadà. Ẹ má rò pé olè ni o! Ẹ̀yìn lèmọ́mù gan-an ló máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Bí wọ́n bá ti pe ìrun báyìí, a ju súpánà sílẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-kéwú fẹ́ ṣe wòlímọ̀tù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọlọ́kadà ń ya sí. Iná kan ló gbòde, iná tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀kadà, tó ń tàn yòò. Òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé. Gàníyù ọlọ́kadà náà wá, láàárọ̀ ọjọ́ wòlímọ̀tù gan-an. Muínátù àbúrò rẹ̀ ti ka Kùránì parí, òun ni yóò gbé e yí ìlú ká.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó tàn dáadáa o. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo nìyẹn."

Ṣé ẹ mọ fíúsì? Nǹkan kékeré bí èékánná ni. Bí iná bá pọ̀ ju agbára wáyà lọ, òun ni yóò kọ́kọ́ já, kí wáyà má baà gbiná. Fíúsì ti tán lọ́wọ́ Bùsàrí láti ìdájí ọjọ́ náà. Ibi tí wọ́n ti ń tà á jìnnà, àwọn ọlọ́kadà sì tò sílẹ̀, wọ́n ń kánjú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Ta ni yóò tú u wò?" Ló bá so wáyà mọ́ bátìrì ní tààrà, ó fà á gba abẹ́ táǹkì epo, ó wé téèpù dúdú mọ́ ọn, ó dé síìtì lé e.

Gàníyù bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti fi fíúsì sí i? Wọ́n ní èyí tí ò bá ní in léwu."

"Wàlláhì, mo ti fi sí i."

Háà! Ta ló ní kó búra? Irọ́ nìkan ò tó o, ó tún wá fi orúkọ Ọlọ́run dè é lókùn!

Gàníyù tan iná náà wò, inú rẹ̀ dùn. Bùsàrí fọwọ́ kan wáyà. Ó gbóná díẹ̀. Ó ní oòrùn ni.

Gàníyù lọ gbé àbúrò rẹ̀. Pápá ilé-kéwú ni àwọn tó ń ṣe wòlímọ̀tù ní àwọn yóò ti kírun Àìlá, ìrun ọ̀sán, bí wọ́n bá yí ìlú tán. Bùsàrí ní tirẹ̀ ṣe àlùwàlá, ó wọ sọ́ọ̀fù, ìlà àwọn tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. Ní rákà kìíní, bó ti forí kanlẹ̀, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fara kan ẹní, ni ọkàn rẹ̀ já pàà. Wáyà yẹn gbóná. Abẹ́ igi ọ̀dán ni ọ̀kadà wà. Oòrùn wo?

Lèmọ́mù kábárà, wọ́n dìde. Bùsàrí náà dìde, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń kà mọ́. Ó ń gbọ́ fèrè àwọn ọ̀kadà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń rí ìbòrí funfun tó gùn tí àwọn ọmọbìnrin ń wọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Ló bá yí padà, ó já ìrun, ó ya sọ́ọ̀fù kọjá, ó bọ́ síta!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mirí yẹn, ẹ dúró ná. Ṣé ká jẹ́ kí ẹ̀mí jóná torí pé à ń kírun? Ó tì o. Ẹ kọ́kọ́ di ẹ̀mí mú, ẹ ó padà san ìrun. Ìrun tó já kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ Bùsàrí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ síìtì.

Ó sáré láìwọ bàtà, ó gba ẹ̀yìn ilé ìlagi, ẹ̀rún igi ń gún un lẹ́sẹ̀. "Yá Allāhu, má jẹ̀ẹ́ n pẹ́. Yá Allāhu, má jẹ̀ẹ́ n pẹ́." Nígbà tó já sí títì, ọ̀wọ́ ọ̀kadà ń bọ̀. Fèrè ń dún, àwọn obìnrin ń kọrin, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Ó rí iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn lọ́sàn-án gangan. Ó tún rí èéfín tín-ínrín tó ń yọ níwájú síìtì Gàníyù.

"Gàníyù! Sọ̀ kalẹ̀!"

Gàníyù rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i. Ó rò pé ó wá bá òun yọ̀ ni.

Kí ni yóò ṣe? Ó bẹ́ sójú ọ̀nà. Bí Gàníyù ti tẹ bíréèkì, Bùsàrí di apá Muínátù mú, ó fà á bọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin, lọ́jọ́ wòlímọ̀tù rẹ̀, ní gbangba! Ẹnì kan ti fọ́ Bùsàrí létí kó tó ráyè la ẹnu.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Iná! Iná ń bẹ lábẹ́ táǹkì!"

Gàníyù wo ìsàlẹ̀, ó rí i, ó fò. Ọ̀kadà ṣubú, epo dà, iná sọ gbùù. Wọ́n bu yanrìn lù ú títí ó fi kú. Ọ̀kadà bà jẹ́ pátápátá, àmọ́ etí ìbòrí Muínátù nìkan ni iná lá.

Ìyá Gàníyù sáré dé, ó kúnlẹ̀ fún Bùsàrí. "Ọmọ mi, Ọlọ́run ló rán ọ sí wa. Ojú rẹ ò ní ríbi." Ẹni tó fọ́ ọ létí ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé e sókè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí lọ̀rọ̀ ti le jù. Wáyà ti jóná. Bó bá dákẹ́, akọni ni. Ṣàítánì ń sọ fún un pé: "Panu mọ́. Ṣebí ìwọ lo yọ wọ́n." Ìwọ ńkọ́, kí lo máa ṣe?

Bùsàrí wo ìyá arúgbó tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Èmi ni mo fi iná síbẹ̀. N kò fi fíúsì sí i. Ó bi mí, mo sì fi Ọlọ́run búra irọ́ fún un."

Gàníyù wò ó títí.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ búra."

Ó kẹ̀yìn sí i. Ìyá náà dìde, ó gbọn erùpẹ̀ orúnkún rẹ̀. Kò ṣépè. Ó ní, "Mo ti dúpẹ́ tán. N ò mọ ohun tí mo tún lè sọ."

Bùsàrí yíjú sí àwọn ọlọ́kadà yòókù. "Ẹ̀yin tí mo ṣe iná fún lónìí, ẹ pa á! Ẹ má gùn ún!" Ojú gbogbo ayé ló ti ń ṣí síìtì wọn, tó ń já wáyà tó fọwọ́ ara rẹ̀ so, tí àwọn kan ń bú u. Muínátù fẹsẹ̀ rìn dé pápá, ó sì ka Kùránì rẹ̀ pẹ̀lú ìbòrí tó jóná létí. Bùsàrí ta ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, ó fi ra ọ̀kadà fún Gàníyù. Gàníyù gbà á. Ó pẹ́ gan-an kó tó dáhùn kíkí rẹ̀, àmọ́ ó dáhùn.

Ìwọ bíríkìlà tó ń dín símẹ́ńtì kù, ìwọ tó ń ta oògùn tó ti bà jẹ́, ta lo ní yóò tú u wò? Ànábì wa ní ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Tùúbá ò sì parí sí ẹnu: lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀, kó o tún un ṣe.

Yá Allāhu, tọ́ wa sọ́nà. Má jẹ̀ẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo irọ́. Bí a bá sì ti ṣìṣe, fún wa lẹ́sẹ̀ tí a ó fi sáré lọ tún un ṣe kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ, kó O sì fún wa lẹ́nu tí a ó fi jẹ́wọ́ nígbà táyé bá ń yìn wá. Ẹ ṣe ààmín kó dún.