Fóònù Tó Wà Nínú Kúlà Màmá Àánú

Màmá Àánú, usher wa tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ló kọ́kọ́ sọ apá kan ìtàn yìí fún mi. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, èmi wà nínú ilé ìjọsìn yìí, mo dijú, mo ń làágùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí ẹnu sọ ọ́ lónìí.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní Padova ní Ítálì níbí. Ilé iṣẹ́ mi kò tóbi: èmi, Brother Kúnlé, Sister Bọ́sẹ̀, àti furgone kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó máa ń wúkọ́ bí òtútù bá mú. Ọ́fíìsì tí à ń tọ́jú tẹ́lẹ̀ ti kó lọ. Bí oṣù bá parí láìsí iṣẹ́ tuntun, kò sí contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, fún àwọn méjèèjì mọ́, bẹ́ẹ̀ orí contratto ni permesso wọn, ìwé ìgbélùú, dúró lé. Èmi náà á padà sí magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Verona, níbi tí ẹ̀yìn mi ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí.

Ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́ wà ní ọ́fíìsì kan tó ń ran àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́ ìjọba gbà. Ó pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé kì í ṣe àwọn ńláńlá nìkan ni comune, ìjọba ìbílẹ̀, ń wá. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Mo ní, ìjọba wo ni yóò rí furgone yẹn tí yóò pè mí? Àfi ìgbà tó rí appalto kan, iṣẹ́ ìjọba tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń du: ìmọ́tótó àwọn ilé ìwé ní ìlú kékeré kan nítòsí ibí. Ó bá mi to gbogbo ìwé rẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe láìbu iyọ̀ sí i. Ó wá ku kí n fọwọ́ sí i. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn: bí òun bá tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, nọ́ńbà kan á wọlé sórí fóònù mi, kí n sì kà á fún un kíá. Bí ọ̀sán gangan bá ti lù, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Ó ní, "Papà, telefono in mano. Mi raccomando."

Kí fóònù má kúrò lọ́wọ́ mi ló ń wí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni mo sì ní kí ìjọ bá mi gbààwẹ̀ lórí appalto náà. Mo dé ẹnu ọ̀nà, Màmá Àánú nawọ́, mo fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Ẹ mọ òfin ibí. Wọ́n jù ú sínú kúlà tí a máa ń kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n dé e. N kò tilẹ̀ rò ó. Ó ti mọ́ mi lára.

Àárín àdúrà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Màmá ní ńṣe ni kúlà ń rìn nílẹ̀ bí ahun.

"Mo wò ó, mo ní, ọ̀tá tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ Brother Adégòkè bọ́ sí i ló ń pè yìí. Mo bá jókòó lé e."

Ẹ sì mọ Màmá. Ohun tí Màmá bá jókòó lé, ó ti jókòó nìyẹn.

Nínú ilé, Pásítọ̀ di máìkì mú, wọ́n ń ké pé kí Olúwa dá mi lóhùn nísinsìnyí. Ni àpò kóòtù Pásítọ̀ bá dún.

Gbogbo wa la ojú. N kò rí i rí kí ojú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ wo àpò kan ṣoṣo. Pásítọ̀ gbé fóònù sétí, wọn kò sì gbé máìkì kúrò, la bá jọ gbọ́ ohùn ọmọ mi: "Pastore, c'è mio padre? Ditegli di prendere il telefono, per favore."

Ó ń bi wọ́n bóyá mo wà níbẹ̀, kí wọ́n ní kí n gbé fóònù mi. Pásítọ̀ wúkọ́ díẹ̀. "Brother Adégòkè, ọmọ yín ní kí ẹ dá àdúrà dúró, kí ẹ lọ gbé ìdáhùn."

Mo sáré jáde. Màmá kò mira.

"Ó di ìgbà tí a bá ṣe oore-ọ̀fẹ́. Òfin Pásítọ̀ ni."

"Màmá, Pásítọ̀ ló ní kí n wá."

"Pásítọ̀ wo? Àwọn tí fóònù tiwọn ń dún lórí pẹpẹ?"

Pásítọ̀ ti tẹ̀lé mi jáde. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì na fóònù tiwọn sí Màmá. Ìgbà náà ni Màmá tó dìde. Tiwọn wọlé, tèmi jáde. Mo pe Tèmítọ́pẹ́, nọ́ńbà tuntun wọlé, n kò sì lè kà á, torí awò ojú mi wà lórí àga nínú ilé. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe máa ń kéde nọ́ńbà orin, ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mejì.

"Basta una volta, Mamma Àánú," Tèmítọ́pẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

Màmá ní kó fara balẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn kan kò tíì ṣí ìwé.

Nígbà tó yá, a gbọ́ "Fatto, papà," ó ti parí. Kò pẹ́ rárá tí agogo ìjọ Àgùdà tó wà lódìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ọ̀sán.

Ẹ̀yin ará, comune gbé iṣẹ́ náà fún wa. Brother Kúnlé, Sister Bọ́sẹ̀, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Contratto wọn ti di tuntun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó dá ọwọ́ méjèèjì ni mo wá fi ògo fún. Ẹ bá mi yọ̀. Kúlà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, Pásítọ̀ náà sì ti ń fi tiwọn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ká bá yín gbàdúrà lónìí, kí á tó dijú, ṣé ó dá yín lójú pé kì í ṣe ìdáhùn tiyín ni Màmá Àánú jókòó lé báyìí?