Omi Àdúrà Nínú Táǹkì Mọ́tò Mi

Halelúyà! Ẹ jẹ́ kó dún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin ará, nítorí ẹni tó wà níwájú yín yìí ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró. Halelúyà! Olúwa, ẹ ṣé o.

Ọmọ ìjọ yìí ni mí láti kékeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí mo sì ń gbé ní Dàda Estate. Lọ́dún kẹta sẹ́yìn, mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, itan mi sì kán. Àbúrò mi bá mi wa mọ́tò mi wá sí gáréèjì ilé ìyá wa níbí ní Iléṣà. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ṣáná sí i.

Láàárín ìgbà yẹn ni ojú màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú ní Òṣogbo yẹ̀ wọ́n wò, ó ní, "Iṣẹ́ abẹ ni, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ojú ọ̀tún ti ń lọ." Ó fún wa ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan. Ẹ wá gbọ́ ohun tí màmá sọ! "Mi ò ní wọ mọ́tò ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Mo ti bá Ọlọ́run ṣàdéhùn. Ọjọ́ tí ọmọ mi bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wa mọ́tò rẹ̀, tó fi gbé mi, ọjọ́ náà ni mo máa lọ." A bẹ̀ wọ́n títí. Pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n. Àbúrò mi gbé mọ́tò tiẹ̀ wá, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ẹ ṣáà mọ orí kunkun àwa Ìjẹ̀ṣà.

Ìgbà tí dókítà tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ mi máa fi sọ pé mo lè wakọ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí Mọ́ńdè iṣẹ́ abẹ náà pé. Ní Sátidé, mo ra bátìrì tuntun, ó di Iléṣà. Lójú tèmi, kí n so bátìrì, kí n yí kọ́kọ́rọ́, ó parí. Ìyàwó mi ló ní, "Dádì, ẹ mú mẹkáníìkì dání." Mo kùn, ṣùgbọ́n mo mú un. Bàbá Ràṣídà ni, láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Mùsùlùmí òdodo tó ti ń tún mọ́tò ṣe kí n tó níyàwó.

Mo ti so bátìrì nínú búùtù, níbi tí ti mọ́tò mi máa ń wà, mo ti jókòó sídìí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Ó pariwo, "Ọ̀gá, ẹ sọ̀ kalẹ̀! Nínú gáréèjì tó há gádígádí yìí? Èéfín rẹ̀ lè pa wá. Ẹ jẹ́ ká tì í síta ná." Bíréèkì ti dì mọ́ táyà kan, a jà á kó tó yí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yé! Eku ti fi koríko gbígbẹ àti àkísà kọ́lé sórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ti jẹ rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Bàbá Ràṣídà wò mí. "Ká ní ẹ ti ṣáná sí i ńkọ́? Orí koríko yìí ni epo máa jò sí." Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ wò sàn ni ǹ bá fi sá fún iná! Ẹ bá mi dúpẹ́.

Ó kó ilé eku dànù, ó pààrọ̀ rọ́bà àti ọ́ìlì. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì, ó kán ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sínú ihò wọn, ó wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́, kó mọ̀ bóyá ó ti gan. Ó yí. Ògo! Lẹ́yìn náà ló fa epo inú táǹkì sínú ike funfun, ó gbé e sójú oòrùn. Epo wà lókè, omi wà nísàlẹ̀.

"Ta ló bu omi sínú táǹkì yìí?"

Màmá mi, tí wọ́n jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ní, "Èmi ni."

Ẹ mọ̀ pé Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù la máa ń gbé omi wá síbí fún àdúrà. Lóṣooṣù ni màmá ń bu díẹ̀ nínú tiwọn sínú táǹkì mi. Wọ́n ní kí mọ́tò má kú, kí ẹni tó ni ín náà má kú. Pẹ̀lú ojú tó ṣú yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ìdérí táǹkì.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Mo ti la ẹnu pé kí n sọ̀rọ̀, àfi bí màmá ṣe bú sẹ́kún. "Ṣé àdúrà mi ló wá ba mọ́tò jẹ́?" Bàbá Ràṣídà gbé ike sílẹ̀, ó lóṣòó níwájú wọn. "Màmá, omi nìkan ni mo fà jáde o. Mi ò fọwọ́ kan àdúrà."

Ó fọ táǹkì, ó da epo tuntun sí i, ó gbé garawa yẹ̀pẹ̀ sítòsí nítorí iná. Ó ní Bísímílà, mo ní lórúkọ Jésù. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì dáhùn! "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o! Ẹ jẹ́ kó mí ná." Ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń jò, ó tún bíréèkì ṣe, a sì wà á yí àdúgbò ká. Ní Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni mo wa màmá dé Òṣogbo.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún màmá. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ojú wọn, dókítà ní, "Màmá, ta nìyí?" Màmá wò mí, wọ́n tún wò mí. "Ọmọ mi ni. Ìgbà wo lo hewú tó báyìí?" Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi àti Bàbá Ràṣídà. Ìwọ tí nǹkan rẹ ti wà lójú kan látọjọ́ pípẹ́, má kánjú sí i. Pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, má sì dá àdúrà dúró. Ṣáà má bu omi sí táǹkì. Màmá mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ẹ juwọ́ sí wọn, ẹ má pariwo. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ń juwọ́ padà!