Irọ́ Tí Mo Fi Di Ẹnu Itsue

Ẹ̀yin òbí àwọn akólòlò tí ẹ máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ Àìkú, n kò fẹ́ràn yín rí, n kò sì ní díbọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí n má retí ìgbà òtútù tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n dáná sun irọ́ yìí mọ́ òkú mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Mineko, ọmọ mi, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Ìyá mi kọjú sí Itsue, ìyàwó mi, nídìí oúnjẹ. “Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí! Gbogbo ìgbà lò ń jágbe mọ́ ọmọ. Ta lo rí tó ń ṣe báyìí nílé tiwa?” Itsue tẹrí ba. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ má bínú.” Èmi ń mu ọbẹ̀ mi lọ.

Ìyá mi mọ ibi tó ti wá. Òun ló mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí olùkọ́ kan, òpònú tí n kò tíì dárí jì, dá mi dúró síwájú kíláàsì títí di ọ̀sán nítorí pé n kò lè pe orúkọ ara mi. Ọjà ẹja ni mo sá sí. Ìka ọwọ́ la fi ń ná ẹja níbẹ̀. Ta ló ń béèrè ohùn? Wọ́n ń yìn mí pé n kì í sọ̀rọ̀ jù. Àwọn aṣiwèrè!

Itsue fà mí wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó bí adìyẹ tó sàba, ẹ ń dúró de ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọmọ. Mo ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Nagumo, olórí yín, ní, “Bàbá Mineko, ṣé ẹnì kan ti kólòlò rí nínú ẹbí yín?” Itsue wò mí. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dárúkọ ẹnì kan. Mo ní, “Rárá.”

Láti ọjọ́ náà, Itsue kò gbé ohùn sókè mọ́, àní nígbà tí epo gbígbóná dà sí i lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlélógún! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú.

Ọmọ Mineko náà ti ń kólòlò báyìí. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá: “Bàbá, àbí èmi ni mo ń jágbe mọ́ ọn jù?” Mo pa fóònù. Ojo ni mí.

Nagumo, ẹ ka lẹ́tà yìí fún Mineko. Itsue nìkan ló lè dárí jì mí, kò sì sí mọ́. Mineko, ara mi lo ti jogún ìkólòlò. Bí ọmọ rẹ bá ṣe ìjàngbọ̀n, jágbe mọ́ ọn. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan.