Bọ́ọ̀tì Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ta ló ní kí n sinmi? Ìsinmi tó wà níwájú mi pọ̀ ju èyí tí mo ti ṣe sẹ́yìn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná. Ohun tí dókítà bá yín sọ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ. Ara mi ló ń ṣàìsàn, etí mi ò tíì di. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó dàgbà ju gbogbo ẹ̀yin ọmọ lọ. Bí mo bá gbé e wọlẹ̀, ẹni tí mo ṣẹ̀ á kú sínú irọ́ mi. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ìyá wọn, jókòó, ọ̀rọ̀ yìí kàn ẹ́. Jẹ́jẹ́, ìwọ náà má dìde. Ìwọ gan-an ni mo torí ẹ̀ pe gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yìí, tí ẹ ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́, tó ń fi ojú kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù wá wò mí lójoojúmọ́, ẹ rò pé aládùúgbò wa lásán ni. A jọ kọ́ṣẹ́ ni. Yàrá kan la jọ gbé, bàtà gidi kan ṣoṣo la ní, ẹni tó bá ń lọ òde ló ń wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ tóbi ju tèmi, mo máa ń ki bébà sí iwájú bàtà kó má baà bọ́. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se ọṣẹ la wà, àwa là ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Háà, ẹ ò mọ adùn! Láàárọ̀, òórùn ọṣẹ gbígbóná á ti gba gbogbo ọgbà, ẹ̀rín wa á ti máa dún láti ẹnu géètì. Lọ́sàn-án, a ó jókòó lórí àgbá tó dojú dé, a ó pín búrẹ́dì, Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ á máa pa wá lẹ́rìn-ín títí tíì á fi dà sí wa láyà. Ìyá yín wà lára àwọn ọmọge tó ń fi bébà di ọṣẹ ní yàrá kejì, gíláàsì ló wà láàárín wa. Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó rẹwà débi pé mo máa ń fi hámà gbá àtàǹpàkò ara mi.

Iṣẹ́ tí Ọ̀gá fi ń dán wa wò ni yíyọ sítọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀tì tí kò lórí ni: ìdajì rẹ̀ rì sínú ara ẹ̀rọ, ìdajì kejì yọ síta, òun ni nọ́ọ̀tù ń wọ̀ sí. Bó bá ti dípẹtà, kò sóhun tó lágídí tó o. Ọ̀gá á ní, "Ẹ má bá a jà. Ẹ bẹ̀ ẹ́." A ó po kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì, a ó dà á sí i lẹ́sẹ̀, a ó fi hámà kékeré kàn án kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, a ó fi í sílẹ̀ sùn. Tó bá di ọjọ́ kejì, a ó de nọ́ọ̀tù méjì mọ́ra wọn lórí ẹ̀, a ó fi sípánà mú ti ìsàlẹ̀, a ó yí i díẹ̀ sẹ́yìn, díẹ̀ síwájú, títí á fi gbà. Bó bá ṣì kọ̀, a ó fi iná mú irin tó yí i ká gbóná. Èèwọ̀ ni kéèyàn ki páìpù gígùn bọ ìdí sípánà kó fi ipá gbé e. Tó o bá sì gbọ́ tí sítọ́ọ̀dù ké "kẹ́n" lọ́wọ́ rẹ, kódà kó ṣì dúró gbọnyin, ó ti là nínú nìyẹn. O gbọ́dọ̀ sọ, kí a fi dírílì gbẹ́ ẹ jáde. Ẹni tó bá mú un ké, á so irin náà mọ́ okùn, á gbé e kọ́rùn títí a ó fi ṣíwọ́. "Ọkọ ìyàwó" là ń pè é, a ó máa kí i kú oríire. Gbogbo wa la ti kọ́ ọ rí, àfi Jẹ́jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Á fi etí ti irin bí ẹni ń gbọ́ òfófó, á ní, "Dúró ná, kò tíì fẹ́."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọ̀gá ní kí èmi àti Jẹ́jẹ́ yọ gbogbo sítọ́ọ̀dù tó di ọmọrí ìkòkò ńlá mú, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, ká fi tuntun rọ́pò wọn. Jẹ́jẹ́ mú ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà, mo mú ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá yín ti sọ fún mi pé bàbá òun ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ wá wo irú ọkùnrin tí mo jẹ́. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ó ku ẹyọ kan péré, ẹyọ kan náà ló sì lágídí jù. Jẹ́jẹ́ ní, "Da kẹrosíìnì sí i, jẹ́ kó di ọ̀la." Mo ní, "Ìwọ ò ní àna tó ń bọ̀." Bó ṣe lọ bu omi báyìí, mo ki páìpù bọ ìdí sípánà, mo gbé e. Ó ké. Mo gbọ́ ọ létí, mo gbọ́ ọ lọ́wọ́. Mo wo inú gíláàsì, mo rí ìyá yín tó ń tún gèlè ṣe. Mo rò ó pé bàbá rẹ̀ á wọlé bá mi pẹ̀lú irin lọ́rùn, tí gbogbo ilé á máa pariwo "ọkọ ìyàwó" lé mi lórí. Nítorí ìtìjú lásán, ẹ gbọ́ o! Mo fi í sílẹ̀ nínú ihò ẹ̀, mo nu ìpẹtà ara ẹ̀ kúrò, mo fi gírísì pa á, ó ń dán bí tuntun. Mo sọ tuntun tó yẹ kí n fi rọ́pò rẹ̀ sáàárín àjákù irin. Mo ní màá tún un ṣe lọ́la. Àna mi dé, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ mi mọ́ dáadáa.

Ọ̀la dé, wọ́n ní kí ìkòkò gbóná kíákíá, ọṣẹ ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní kí Jẹ́jẹ́ de gbogbo nọ́ọ̀tù, kò fọkàn tán ọwọ́ ẹlòmíì. Ó ń dè wọ́n díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ, tó bá de ti ìhín á de ti ọ̀hún. Ó dé orí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo ń wò ó. Ẹni tó bá de ọmọrí ló máa ń dúró tì í nígbà tí ooru bá ń gun inú ìkòkò, kó lè máa wò bóyá ó ń jò. Èmi? Mo ní mò ń lọ tọ̀. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí mo fi gbọ́ gbàù. Ọṣẹ gbígbóná tú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó dà sí Jẹ́jẹ́ lójú àti léjìká. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò létí mi. Nígbà tí àwọn yòókù ń gbé e jáde, ẹ mọ ohun tí èmi ń ṣe? Irin ni mò ń wá kiri nílẹ̀, èmi ẹran! Irin tó bá ṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á máa dán. Tó bá ti là tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì á ti wọ ibẹ̀, á dúdú. Ìdajì ojú irin tèmi dúdú. Bí Ọ̀gá bá rí i, ó parí. Mo jù ú sápò bó ṣe gbóná yẹn, ó jó mi nítan. Ìyá wọn, àpá tó o bi mí nígbà tá a fẹ́ra, tí mo ní iná wẹ́dà ló ta sí mi, òun nìyẹn.

Ọ̀gá bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ó dè é le jù. Mo gbọ́ tí irin ké lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí nǹkan kan." Ọ̀gá jókòó sórí àgbá, ó ní, "Jẹ́jẹ́? Jẹ́jẹ́ tèmi?" Omi bọ́ lójú àgbàlagbà. Mo sáré gba iṣẹ́ gbígbẹ́ èyí tó kù nínú ihò, kẹ́nikẹ́ni má baà wo ojú ẹ̀. Gbogbo sùúrù tí mi ò ní lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ náà ni mo rí i lò. Èyí tó burú jù ò tíì dé o. Mo lọ wò ó ní ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì di gbogbo orí ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó nawọ́, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ lo wà lẹ́yìn mi. Wọ́n ní irin ké lọ́wọ́ mi. Mi ò gbọ́. Ṣé ó ké lóòótọ́?" Mo di ọwọ́ náà mú. Mo ní, "Ó ké. Ìwọ ni ò gbọ́." Ó ní, "Ọwọ́ mi ti le jù nìyẹn." Ó ní kí n má banú jẹ́. Òun ló ń tù mí nínú!

Ẹnikẹ́ni ò lé e níbi iṣẹ́; òun fúnra ẹ̀ ni ò padà. Ó lọ ń ṣọ́ géètì. Èmi di ọ̀gá, iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ yín. Ẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ omi ilé Bàbá Jẹ́jẹ́ kì í yéé kán. Kì í de nǹkan kan le mọ́ ni! Ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a dé gbogbo ohun tó bá ní ìdérí. Tó bá bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnì kan mú yín lọ́wọ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ọmọbìnrin ẹ̀ tó bá a wá yìí, bàbá àgbà ẹ̀ ò gbé e rí. Ìṣojú mi ni wọ́n ṣe nà án sí i lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e ti ọsibítù dé. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, ó ní, "Ọwọ́ mi le jù, màá pa á lára." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́, wò mí. Kò ké lọ́wọ́ rẹ. Ọwọ́ mi ló ti ké, nígbà tó o lọ bu omi. O ò gbọ́ ọ torí kò sóhun tó wà láti gbọ́. Ìwọ dè é bó ṣe yẹ. Mi ò lè dá ojú rẹ padà, mi ò lè dá ọjọ́ ayé rẹ padà. Àárò àwọn ọjọ́ wa yẹn ń sọ mí, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo bà wọ́n jẹ́. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Tó ò bá lè forí jì mí, bínú, bú mi, gbá mi létí, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n má gba irọ́ mi gbọ́ mọ́ láti òní lọ. Ìwọ ọmọbìnrin ẹ̀, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀. Gbé e fún bàbá rẹ. Jẹ́jẹ́, yọ ọwọ́ yẹn lábíyá. Gbà á. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn, á jábọ́. Dì í mú dáadáa.