Gààrí Tó Jó Lọ́jọ́ Fúráìdè

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìsinmi o! Ẹ bá mi gbé Jésù ga, nítorí ẹnu tí mo fẹ́ fi yìn Ín yìí, mo ti fi bínú sí I rí. Halelúyà!

Gbogbo wa ní Àkàkà níbí la mọ ọkọ mi, Bàbá Fúnmi, tó ń fi mọ́tò kó epo pupa lọ tà ní Interchange lójú márosẹ̀. Ẹ sì mọ ohùn wọn! Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, kí oòrùn tó wọ̀ tí Sábáàtì á wọlé, tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á pariwo pé, "Ìyá Fúnmi, oòrùn ń lọ o!" Torí gààrí ni mò ń yan, n kì í kúrò nídìí ààrò bọ̀rọ̀. Màá máa kùn, màá ní ṣé bàbá wọn ló ni oòrùn ni.

Àfi bí sítróòkù ṣe dé. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu wọn. Dókítà ní ẹsẹ̀ lè padà gbérá, ṣùgbọ́n ká má fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ sísọ mọ́. Oṣù méje gbáko, ilé dákẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: tí ẹ bá ń kọrin ọpẹ́ níbí, mo kàn ń yanu ni. Kí ni n ó dúpẹ́ fún?

Fúráìdè kan, mo gbé wọn jókòó sábẹ́ igi obì tó wà lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ lọ, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ìró mi mú. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo jókòó. Wọ́n ń wo ìwọ̀ oòrùn, èmi náà bá wò ó. Ẹ̀yin ará! Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ ni mo ti ń bá oòrùn yẹn sáré, n kò wò ó rí. Ó pọ́n bí epo tuntun. Ó tàn sára imọ̀ ọ̀pẹ, ó tàn sára ògiri wa tó ti sán, ògiri náà wá lẹ́wà lójú mi. Àwọn lékeléke ń fò lọ sílé, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi. N kò mọ ìgbà tí mo ní, "Olúwa, o ṣé."

Láti ìgbà náà, ibẹ̀ la máa ń jókòó sí. Nígbà tí wọn ò lè sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń sọ ohun tí a rí. "Bàbá Fúnmi, ẹ wo àwọsánmà yẹn. Ẹ wo òdòdó obì tó já sí yín lórí." Ẹkún ò kúrò nílé o, ẹ má jẹ́ n purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń retí Fúráìdè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí mo rin, tí mo dì sínú àpò, tètè gbẹ. Ọ̀sán Fúráìdè ló tó ṣe é yan. Mo gbé Bàbá Fúnmi sí àyè wọn, mo sáré padà sídìí iná tí kò jìnnà síbẹ̀, mo ní kí n ṣáà yan agbada kan yìí tán. Mo gbàgbé oòrùn pátápátá! Mò ń fi igbá ro gààrí lọ, òógùn ń bọ́. Ni mo bá gbọ́ lẹ́yìn mi:

"Ìyá... Fúnmi."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí.

"Oòrùn... ń lọ."

Ohùn náà ń wọ́ nílẹ̀, ó wúwo, ṣùgbọ́n ohùn ọkọ mi ni! Ẹ yin Olúwa! Igbá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn lábẹ́ igi obì, mo di ẹsẹ̀ wọn mú, àwa méjèèjì ń sunkún, Sábáàtì sì wọlé bá wa níbẹ̀. Ta ló rántí gààrí? Ó jó! Ó dúdú bí èédú! Mo gbé díẹ̀ wá, òun ló wà nínú ọ̀rá yìí. Ọrẹ ọpẹ́ mi nìyẹn, ẹ má wo àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ilé yín ṣì dákẹ́, ẹ ṣáà jókòó díẹ̀ lọ́jọ́ Fúráìdè, kẹ́ ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ń ṣe lókè orí yín. Èmi dúpẹ́ kí ìdáhùn tó dé, mo sì tún ń dúpẹ́. Ògo ni fún Un.

Bàbá Fúnmi ló wà ní bẹ́ǹṣì kẹta yẹn, wọ́n ti ń fojú bá mi wí. Wọ́n fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ dákẹ́ ná, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.