Alhaji Mú Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Onílàjà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọlọ́run tó jí mi lówùúrọ̀ yìí, tó sì fi ohùn sí mi lọ́fun láti sọ oore rẹ̀, òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe níbí ní Ìlaròó. Alhaji Mùráínà tó ń ta ìrẹsì gbé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà àti sítọ́ọ̀ kan fún mi lọ́nà Ìdírókò. Alhaji kì í ṣe kọ́sítọ́mà lásán. Mọ́tò wọn la fi gbé ìyàwó mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tó bí àkọ́bí wa, wọ́n sì jókòó tì mí níta títí ọmọ fi ké.

Mo parí iṣẹ́, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Àsìkò yẹn gan-an ni ìjọba ti bọ́dà pa. Nígbà tí mo béèrè owó tó kù, Alhaji ní àwọn ò ní san, pé òrùlé sítọ́ọ̀ ń jò, pé ògiri ò dúró dáadáa. Àwọn bíríkìlà tó bá mi ṣiṣẹ́ ń wá sẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Lọ́yà kan ní kí n pe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, èmi ò sì fẹ́ pàdánù Alhaji.

Ó wà nínú àdéhùn wa pé bí ìjà bá dé, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ẹnì kan ṣoṣo láti ṣe onílàjà, kí ohun tó bá sọ jẹ́ abẹ gé. Mímú ẹni náà ló wá di wàhálà. Ta lẹ fẹ́ mú nílùú yìí tí kò bá ẹnikẹ́ni tan? Mo dárúkọ ẹnjiníà kan. Alhaji ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni èmi àti ẹnjiníà náà jọ ń lọ. Wọ́n dárúkọ tíṣà àgbà kan ní Ìlóbì. Mo ní àna wọn ni. Báyìí la ṣe é títí a ò fi kí ara wa mọ́.

Mo gbààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ yìí, mo sunkún. Mi ò gbọ́ ohùn kankan o, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọkàn mi rọ̀. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji, mo ní kí wọ́n dá yan ẹni tó bá wù wọ́n, n ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìmàṣàyí ni mo mú.”

Ẹ̀rù bà mí. Bọ̀dá Jósẹ́fù ló kọ́ mi níṣẹ́ bíríkìlà. Ẹ sì mọ ìṣe wa: bí ìjà bá dé, ọmọ ẹni la kọ́kọ́ ń bá wí lójú ará ìta. Ìyàwó mi ní kí n tètè lọ máa tọrọ àforíjì, pé mo ti jẹ̀bi tán.

Bọ̀dá dé, wọ́n gun òkè òrùlé, wọ́n fi okùn wọn ògiri. Wọ́n jókòó, wọ́n kọjú sí mi.

“Ojú ìṣó méjì péré ló ń jò. Kí ló dé tí o ò fi wá dí i kí o tó na ọwọ́ owó? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Ẹni tó jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ ìnira rẹ lo fẹ́ sọ di ọ̀tá?”

Mo dojú bolẹ̀. Bọ̀dá ń bá a lọ. Ara Alhaji ò gbà á mọ́.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Ẹ má bá a wí mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ìrẹsì mi ló há sí Kútọnù, ojú ló ń tì mí láti sọ pé mi ò lówó lọ́wọ́.”

Ẹ̀yin ará, omijé bọ́ lójú àgbàlagbà. Èmi náà sunkún.

Bọ̀dá wá dá a pé kí n dí ojú ìṣó, kí n sì máa gba owó háyà ṣọ́ọ̀bù méjì títí owó mi yóò fi pé. Obìnrin onígàárì kan láti Àgọ́ṣáṣá ló kọ́kọ́ háyà ọ̀kan nínú wọn. Owó rẹ̀ ni mo fi san ti àwọn bíríkìlà mi.

Alhaji wà lábẹ́ igi máńgòrò níta báyìí. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ gbọ́ bí n ó ṣe sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ bá mi dìde. Ẹ jẹ́ ká yin Ọlọ́run tó fi ìfẹ́ parí ìjà, ká yìn ín sókè dáadáa, kí ọ̀rẹ́ mi lè gbọ́ ọ níbi tí wọ́n jókòó sí.